Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Olùdámọ̀ràn, Kọ́ọ̀sì àti Kírẹ́díìtì ní Kọ́lẹ́jì Kékeré l'Amẹ́ríkà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́jì kékeré kan l'Amẹ́ríkà, tí a jọ ń yẹ ìwé wọn wò, tí a ń ka kírẹ́díìtì, tí a ń wá bí wọn yóò ṣe parí láàárín ọdún mẹ́rin. Irú kọ́lẹ́jì tí mò ń sọ kì í ṣe yunifásítì ńlá. Ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wà níbẹ̀, olùkọ́ sì mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ìrọ̀rùn ń bẹ nínú èyí, ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà ibẹ̀ tí kò sí ní ilé ìwé ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí. Níbi tó bá ti kan òbí, òbí ni màá kọjú sí.

Kí ni kírẹ́díìtì gan-an? Ṣé máàkì ni?

Rárá o. Máàkì ń sọ bí o ṣe ṣe dáadáa tó, kírẹ́díìtì ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó gba A àti ẹni tó gba C nínú kọ́ọ̀sì kan, iye kírẹ́díìtì kan náà ni wọ́n gbà.

Ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ní 1905, Andrew Carnegie, olówó irin nì, fi mílíọ̀nù 10 dọ́là sílẹ̀ kí wọ́n máa fi san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́jì. Àjọ tó ń bójú tó owó náà ní kọ́lẹ́jì tó bá fẹ́ kí olùkọ́ òun jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n tó dájú fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kó tó gbà á wọlé: wákàtí 120 lórí iṣẹ́ kan láàárín ọdún kan jẹ́ yúníìtì kan, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ní 14. Àṣà fífi wákàtí díwọ̀n ẹ̀kọ́ yìí gbilẹ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́jì fúnra wọn, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje 2011 ní kírẹ́díìtì kan dúró fún wákàtí kan nínú kíláàsì àti, ó kéré tán, wákàtí méjì iṣẹ́ lẹ́yìn kíláàsì, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Wá ṣírò rẹ̀. Kírẹ́díìtì 15 jẹ́ wákàtí 15 nínú kíláàsì àti 30 lẹ́yìn rẹ̀: wákàtí 45 lọ́sẹ̀ kan. Iṣẹ́ òòjọ́ odindi nìyẹn, ó tilẹ̀ lé. Ọmọ tó bá tún fi iṣẹ́ owó wákàtí 30 lé e lórí, tó wá ń bi mí pé kí ló dé tí òun kì í rí oorun sùn, ìṣirò yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn án.

Kírẹ́díìtì mélòó ni mo nílò kí n tó gba oyè?

Ní ọ̀pọ̀ ibi, 120 fún oyè ọlọ́dún mẹ́rin, 60 fún ti ọlọ́dún méjì. Bí kọ́lẹ́jì bá pín ọdún sí sáà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kọ́tà, 180 ló dúró fún 120.

Ṣùgbọ́n àwọn kọ́lẹ́jì kékeré ní àrà tiwọn. Grinnell, ní Iowa, ń béèrè 124. Amherst àti Swarthmore kì í ka wákàtí bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kà, 32 lápapọ̀, mẹ́rin mẹ́rin ní sáà kọ̀ọ̀kan fún sáà mẹ́jọ. Carleton ní Minnesota ń béèrè 210, nítorí pé kírẹ́díìtì 6 ni kọ́ọ̀sì wọn kan. Má ṣe fi iye ibì kan wé iye ibòmíràn láìmọ ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: kírẹ́díìtì 12 ni òfin ìrànwọ́ owó ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́ kíkún. Ọmọ á gbọ́ "akẹ́kọ̀ọ́ kíkún", á rò pé òun ń rìn déédéé. Méjìlá lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 96. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, 24 ṣì kù, ìyẹn ọdún kan gbáko pẹ̀lú owó ilé ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ parí lọ́dún mẹ́rin, 15 ni kó máa gbà ní sáà kọ̀ọ̀kan, tàbí kó mọ ibi tí yóò ti rí ìyókù.

Ta ni olùdámọ̀ràn mi, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ní ilé ìwé ńlá, òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìmọ̀ràn lọ ni. Ní kọ́lẹ́jì kékeré, olùkọ́ tó ń kọ́ni ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Grinnell, fún àpẹẹrẹ, olùkọ́ tó bá kọ́ ọ ní kíláàsì àkọ́wọlé ni yóò máa dá ọ nímọ̀ràn títí o fi yan ẹ̀kọ́ gbòógì, ìyẹn ẹ̀ka tí o fẹ́ gba oyè lé lórí. Yàtọ̀ sí kíláàsì yẹn àti ohun tí ẹ̀kọ́ gbòógì rẹ bá béèrè, kọ́lẹ́jì náà kì í to kọ́ọ̀sì dandan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. O rí i pé níbẹ̀, ìjókòó pẹ̀lú olùdámọ̀ràn ló gba ipò òfin.

Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì ní kí o yan ẹ̀kọ́ gbòógì kí ọdún kejì tó parí, olùdámọ̀ràn rẹ á sì yí padà sí ẹnì kan nínú ẹ̀ka náà. Kó tó di ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ìdènà kan máa ń wà lórí orúkọ rẹ nínú kọ̀ǹpútà. Olùdámọ̀ràn rẹ nìkan, tàbí rẹ́jísírà (òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́), ló lè ṣí i. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí o lè wá jókòó, kì í ṣe kí o kàn kọ ímeèlì pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí i."

Olùdámọ̀ràn kò lè yí òfin padà, kò lè fún ọ ní kírẹ́díìtì, kò lè gbà ọ́ sí kíláàsì olùkọ́ mìíràn tó ti kún. Ohun tó lè ṣe ni kó rí ohun tí ojú rẹ kò tíì tó. Bí o bá fẹ́ kó rí i, má lọ ní ọwọ́ òfo. Mú àyẹ̀wò ìwé oyè rẹ dání, èyí tí kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́jì ń tẹ̀ jáde, kí o sì ti kọ kọ́ọ̀sì tí o fẹ́ àti méjì tí o lè fi rọ́pò wọn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 ni ìjókòó náà sábà máa ń jẹ́. Bí a bá fi 15 wá ojú ewé, 5 péré ló kù fún ọ̀rọ̀ ayé rẹ.

Olùdámọ̀ràn fọwọ́ sí i, ó wá já sí pé kọ́ọ̀sì náà kò yẹ. Ẹ̀bi ta ni?

Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò dùn. Ìwé ìlànà ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì sọ ọ́ kedere pé akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ojúṣe láti mọ ohun tí oyè rẹ̀ ń béèrè. Ìfọwọ́sí olùdámọ̀ràn kò sọ ohun tí kò bófin mu di ohun tó bófin mu.

Lọ́dún kan, èmi fúnra mi fọwọ́ sí ìwé ọmọbìnrin kan. Ìlànà ní kí kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ní lábù nínú. Èyí tó yàn kò ní. Mi ò rí i, òun náà kò rí i. Rẹ́jísírà ló rí i nígbà tó ku sáà kan. A kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀, mo sì kọ lẹ́tà tèmi pé èmi ni mo fọwọ́ sí i, wọn kò gbà. Ó lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ ní kọ́lẹ́jì ọlọ́dún méjì kan láti ṣe kọ́ọ̀sì alábù, owó sì ni. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí. Láti ìgbà náà, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ ni a jọ máa ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú dání ni pé bí olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ kan bá sọ fún ọ pé "kò sí wàhálà, a máa gbà á", dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì padà sí yàrá rẹ, kí o fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i: "Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ tí a sọ lónìí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí…" Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ. Olùkọ́ a máa fẹ̀yìn tì, a máa lọ ilé ìwé mìíràn, a sì máa gbàgbé. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kò lè dájọ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Kọ́ọ̀sì tí mo nílò kò sí nínú àtẹ ọdún yìí. Báwo ló ṣe lè jẹ́?

Ọ̀fìn tí mo sọ lókè nìyí, mo sì fẹ́ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́jì kékeré lè má ju olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Wọn kò lè kọ́ gbogbo kọ́ọ̀sì lọ́dọọdún. Nítorí náà, àwọn kọ́ọ̀sì ìpele òkè máa ń wá lọ́dún méjì méjì. Inú ìwé ìlànà ni ó wà, o sì rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé ọdún kan sí èkejì ni wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ó bá kọjá lọ nígbà tí o wà ní ọdún kejì, tí o kò tíì ṣe kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, yóò padà wá ní ọdún kẹrin rẹ, ìgbà yẹn ni àǹfààní kan ṣoṣo tó kù. Bí olùkọ́ tó ń kọ́ ọ bá wá gba ìsinmi ìwádìí lọ́dún yẹn (ó sábà máa ń tọ́ sí wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà iṣẹ́), kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ́ ọ. Ní ilé ìwé ńlá, ẹlòmíràn á gbà á. Níbí, olùkọ́ kan lè jẹ́ gbogbo ohun tí a ní lórí iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yìn ni mo máa ń ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò. Mú ìwé pẹlẹbẹ kan, ya ìlà sáà mẹ́jọ sí i. Sáà kẹjọ ni kí o kọ́kọ́ kún: iṣẹ́ àṣekágbá tàbí ìwé ìwádìí. Kí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀? Kọ ọ́ sí sáà tó ṣáájú. Kí ló tún ṣáájú ìyẹn? Kí o tó dé sáà kejì tàbí ìkẹta, wàá ti rí kọ́ọ̀sì tí o kò lè fi falẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bá olórí ẹ̀ka, kí o bi í ní ìbéèrè méjì: kọ́ọ̀sì wo ni yóò wá ní ọdún wo, ta ni yóò sì wà nínú ìsinmi? Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣáájú, wọn kì í sì í fi pamọ́. Àwọn ọmọ ni kì í béèrè.

Bí ó bá ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. O lè bẹ ẹ̀ka pé kí wọ́n gba kọ́ọ̀sì mìíràn dípò rẹ̀; ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, olórí ẹ̀ka ló sì máa ń fọwọ́ sí i. O lè bẹ olùkọ́ kan kó tọ́ ọ sọ́nà nínú ẹ̀kọ́ àdáṣe lórí iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n rántí pé olùkọ́ tó bá gbà sábà máa ń ṣe é kún iṣẹ́ rẹ̀ láìgba owó kún owó. Tètè bẹ̀ ẹ́, má sì jẹ́ kó máa lé ọ kiri. Ọ̀nà kẹta ni kọ́lẹ́jì tó wà ní àdúgbò. Ní Massachusetts, Amherst, Mount Holyoke, Smith àti yunifásítì ìpínlẹ̀ náà tó wà nílùú Amherst ti so ọwọ́ pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀kan lè ṣe kọ́ọ̀sì ní èkejì láìsan owó ilé ìwé kún un. Bryn Mawr àti Haverford ní Pennsylvania náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kọ́lẹ́jì Claremont ní California sì wà nítòsí ara wọn débi pé ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ fi ń lọ. Bí kọ́lẹ́jì rẹ bá wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, lò ó.

Wọ́n yí òfin oyè padà nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Èwo ni mo máa tẹ̀lé?

Lọ́pọ̀ ibi, èyí tó wà nínú ìwé ìlànà ọdún tí o wọlé. O sì lè yàn láti bọ́ sí tuntun bí ó bá ṣe ọ́ láǹfààní, ṣùgbọ́n odindi rẹ̀ ni wàá gbà. O kò lè mú apá kan nínú ti àtijọ́, kí o mú apá kan nínú ti tuntun. Ẹni tó bá kúrò nílé ìwé fún ọdún bíi mélòó kan kó tó padà, kó béèrè kó tó forúkọ sílẹ̀, nítorí òfin tuntun lè dè é. Fi ẹ̀dà ìwé ìlànà ọdún tí o wọlé pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ.

Mo ń bọ̀ láti kọ́lẹ́jì mìíràn pẹ̀lú kírẹ́díìtì 60. Ṣé ọdún méjì péré ló kù fún mi?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè máà rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́: ṣé wọ́n gba kírẹ́díìtì náà? Ìkejì: kí ni wọ́n gbà á fún? Wọ́n lè gba gbogbo 60, kí 20 nínú rẹ̀ jẹ́ àfikún lásán tí kò kan ẹ̀kọ́ gbòógì rẹ tàbí kọ́ọ̀sì dandan kankan. Wàá ní iye náà lórí ìwé, síbẹ̀ ọdún mẹ́ta lè ṣì wà níwájú rẹ. Máa béèrè fún èsì àyẹ̀wò náà ní kíkọ kí o tó san owó àsansílẹ̀ fún àyè rẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí o mọ̀: ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì kò ní gba kọ́ọ̀sì tí máàkì rẹ̀ kò tó C. Kírẹ́díìtì ló ń bá ọ lọ, máàkì kì í sábà bá ọ lọ, nítorí náà GPA rẹ, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ọ̀pọ̀ sì ní ìlànà pé iye kan gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn, bíi 30 tó kẹ́yìn, kí wọ́n tó lè fi orúkọ wọn sí oyè rẹ.

Bí ilé ìwé tí o ti kúrò bá wà ní òkè òkun, wọ́n lè ní kí o lọ sí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń túmọ̀ èsì ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè sí ti Amẹ́ríkà. Èyí tó bá wà nínú NACES, ẹgbẹ́ irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì máa ń gbà. Ní kí wọ́n ṣe àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fún ọ, má gba èyí tó kàn sọ pé o jáde. Kí o sì tọ́jú ìlànà iṣẹ́ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí o ti ṣe, àní ìwé tí olùkọ́ pín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ kọ́ọ̀sì lásán kì í yí ọkàn olórí ẹ̀ka padà. Ìwé yẹn lè yí i.

Ṣé ìdánwò lè fún mi ní kírẹ́díìtì láìjókòó ní kíláàsì?

Bẹ́ẹ̀ ni. AP, ìdánwò lórí ẹ̀kọ́ ìpele kọ́lẹ́jì, ni àwọn ọmọ girama ń ṣe ní oṣù Karùn-ún, máàkì rẹ̀ láti 1 dé 5. Kọ́lẹ́jì kan á gba 3, òmíràn á ní àfi 4 tàbí 5, òmíràn kò ní fún ọ ní kírẹ́díìtì rárá, kìkì pé yóò jẹ́ kí o fo kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀. CLEP, ìdánwò mìíràn tó jọ ọ́, wà fún gbogbo ọjọ́ orí, àgbàlagbà tó ti ń ṣiṣẹ́ náà lè jókòó sí i. Máàkì rẹ̀ jẹ́ 20 sí 80, 50 sì ni iye tí àjọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí a fi gbà á. Ìpele òkè IB (ìdánwò girama àgbáyé) àti A-Level (ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) náà máa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi.

Mo ní ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà: àwọn ilé ìwé ìṣègùn kan kì í gba AP dípò kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè. Bí o bá fi ìdánwò fo kẹ́mísírì ọdún kìíní, gba ti òkè tó ní lábù.

Iṣẹ́ àkọ́ṣe ńkọ́?

Ó lè mú kírẹ́díìtì wá bí olùkọ́ kan bá ń ṣàbójútó rẹ̀, tí ìwé àdéhùn sì wà nípa ohun tí wàá kọ́ àti ohun tí wàá kọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ ṣiṣẹ́ tán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó wá padà dé lóṣù Kẹsàn-án pé kí a fún òun ní kírẹ́díìtì. Kò ṣeé ṣe ní ibi púpọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ló ń ṣáájú iṣẹ́. Kírẹ́díìtì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì sábà máa ń ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, béèrè iye rẹ̀.

Bí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, bá ni tìrẹ, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ níta kọ́lẹ́jì tó jẹ́ apá ẹ̀kọ́ rẹ nílò àṣẹ tí wọ́n ń pè ní CPT, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú I-20 rẹ, ìwé tí kọ́lẹ́jì fún ọ láti fi gba físà náà, kí o tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá lo oṣù 12 CPT ní iṣẹ́ kíkún ti pàdánù ẹ̀tọ́ OPT, ìyẹn àǹfààní àtiṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́yege, ní ìpele oyè náà. Ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kí o kọ́kọ́ wọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Kọ́ọ̀sì kan ń le jù fún mi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ọjọ́ ló máa sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, o lè yọ ọ́ kúrò, kò ní hàn nínú ìwé èsì rẹ. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí o bá fi í sílẹ̀, W ni yóò hàn. Kò kan GPA rẹ, ṣùgbọ́n ó hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá fún W, máàkì tí o bá gbà ni tìrẹ. Ní Colorado College, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àtààbọ̀ láti 1970, àti ní Cornell College ti Iowa, tí kọ́ọ̀sì kan jẹ́ ọjọ́ 18, iye ọjọ́ ni gbèdéke wọn, kì í ṣe iye ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá sùn gbàgbé níbẹ̀, ó ti kọjá.

W kan kò ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí mo máa ń bẹ̀rù ni ohun tó so mọ́ ọn. Ṣé wàá ṣì ní 12? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrànwọ́ owó, ilé gbígbé àti ìbánigbófò lè mì. Akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 12 láìgba àṣẹ ṣáájú, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan péré, tàbí kírẹ́díìtì 3, ni a sì lè kà mọ́ ọn ní sáà kan. Òfin ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ tún ń wo ìlọsíwájú rẹ: àpapọ̀ kírẹ́díìtì tí o gbìyànjú kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po kan ààbọ̀ iye oyè rẹ lọ, ìyẹn 180 fún oyè 120. W wà nínú ohun tí wọ́n ń kà sí ìgbìyànjú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí o máa yege nínú nǹkan bí 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí o bá sì fi gbogbo kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí 60 nínú ọgọ́rùn-ún sáà tó kọjá, apá kan owó ìrànwọ́ náà yóò padà sọ́dọ̀ ìjọba, gbèsè rẹ̀ sì lè bọ́ sí ọ lọ́rùn.

Bí ó bá jẹ́ àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ ló dé nígbà tí sáà ń parí lọ, tí o sì ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, má fi í sílẹ̀. Bẹ olùkọ́ fún I, ìyẹn "kò tíì parí". Ẹ jọ fọwọ́ sí ọjọ́ tí iṣẹ́ tó kù yóò dé. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, I sábà máa ń di F fúnra rẹ̀.

Mo gba F. Ṣé bí mo bá tún un ṣe, F náà á parẹ́?

Kò ní parẹ́ nínú ìwé èsì. Ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́jì, máàkì tuntun ni wọn yóò fi ṣe GPA. Níbòmíràn, méjèèjì ni wọn yóò kà. Ẹni tó gba D, tó tún un ṣe tó gba B, kò gba kírẹ́díìtì lẹ́ẹ̀mejì. Ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀ yóò sì san owó kọ́ọ̀sì tí o ti yege tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i péré. Tún un ṣe ní kọ́lẹ́jì rẹ gan-an bí GPA lo fẹ́ tún ṣe, nítorí máàkì ibòmíràn kì í sábà wọlé.

Kọ́ọ̀sì yege-tàbí-kùnà ńkọ́?

Ó dára láti fi dán ohun tuntun wò. Swarthmore tilẹ̀ fi gbogbo sáà àkọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọmọ lè mí. Ṣùgbọ́n má lò ó fún kọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ gbòógì rẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò ní gbà á.

Èmi ni mò ń san owó ilé ìwé ọmọ mi. Kí ló dé tí kọ́lẹ́jì kò sọ èsì rẹ̀ fún mi?

Ẹ má bínú, òbí wa. Òfin tí wọ́n ń pè ní FERPA, ti 1974, ló fa èyí. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wọ kọ́lẹ́jì, kódà bí kò tíì pé ọdún 18, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bọ́ sí. Kì í ṣe pé olùkọ́ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yín. Òfin gba kọ́lẹ́jì láyè láti bá òbí sọ̀rọ̀ bí ọmọ náà bá wà lábẹ́ wọn nínú ìwé owó orí, ṣùgbọ́n kò fi dandan mú wọn.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ọmọ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà. Ẹ bá a sọ ọ́ kó tó kúrò nílé, nígbà tí ara ṣì tutù, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì bá ti burú. Mo ti rí ọmọ tí ń fi F pamọ́ fún sáà mẹ́ta nítorí ìbẹ̀rù ilé. Bí ó bá ti mọ̀ pé ẹ óò gbọ́ tòun kí ẹ tó bínú, ì bá ti wá bá mi ní sáà kìíní, ì bá sì ti ṣeé tún ṣe.

Ṣé mo lè gba kírẹ́díìtì 20 ní sáà kan?

Àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda, nítorí 18 ni òdiwọ̀n ní ibi púpọ̀, ohun tó bá sì lé e lè ní owó tirẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún kìíní.

Èmi àti olùdámọ̀ràn mi kò bára mu. Ṣé mo lè yí i padà?

O lè yí i padà, fọ́ọ̀mù kékeré ni. O kò nílò láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Sọ fún olùkọ́ tí o fẹ́ lọ bá, bí ó bá gbà, mú fọ́ọ̀mù náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà, kí o sì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ti tẹ́lẹ̀. Kọ́lẹ́jì kékeré ni. Ó ṣeé ṣe kó kọ́ ọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbà wo ni kí n béèrè fún ìkẹ́kọ̀ọ́yege, kí ni kí n sì yẹ̀ wò?

Ìkẹ́kọ̀ọ́yege kì í wá fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ló ń mú un wá, gbèdéke rẹ̀ sì lè jẹ́ sáà kan tàbí méjì ṣáájú. Ní òpin ọdún kẹta, ní kí rẹ́jísírà bá ọ ṣe àyẹ̀wò kíkún, kí o mú un wá fún olùdámọ̀ràn rẹ.

Wo àwọn ìdá kéékèèké dáadáa, pàápàá bí o bá ti ilé ìwé oníkọ́tà wá. Kírẹ́díìtì kọ́tà 4 kì í ṣe 3 níbí, 2.67 ni. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ti mú odindi kírẹ́díìtì kan dín sí ohun tí o rò. Rẹ́jísírà púpọ̀ kì í sì í sọ 119.67 di 120. Mo ti rí ibi tí ọmọ ti dúró sórí iye yẹn gan-an ní oṣù Kẹrin. Bí ìwọ bá rí i ní ọdún kan ṣáájú, ìrọ̀rùn ni: forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin kọ́lẹ́jì tàbí kíláàsì eré ìdárayá, níbi tí wọ́n bá ti ń fún un ní kírẹ́díìtì kan.